Gbànja Aláwẹ́ Méjì

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ làgbà wí.
Àgbà ò tíì rí ojú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn.

Ní Sábo, ní Ṣágámù, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń bó obì,
ilé ẹrù Ṣóẹ̀tán ń rùn ewé tútù àti èèpo tó ti rà.
Èmi ni mo kọ ètò tó ń ka agbọ̀n fún un.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo ń kọ.
Owó iṣẹ́ kò tíì pé títí dòní; ẹ jẹ́ a fìyẹn sílẹ̀.

Gíláàsì méjì, ẹ̀rọ kan.
Fèrèsé ọ̀gá, lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú;
fèrèsé Tẹ́júmádé, ọmọ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tẹ́júmádé ta agbọ̀n méjìlá
fún obìnrin kan láti Ògìjo. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.
Lójú tirẹ̀, méjìléláàádọ́ta di ogójì.
Lójú ti ọ̀gá, méjìléláàádọ́ta jókòó
bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Màlámù Dàhírù pè láti Kánò: "Mélòó ló wà ńlẹ̀?"
Ọ̀gá wo gíláàsì, kò wo ilé ẹrù.
"Méjìléláàádọ́ta. Máa gbé tírélà bọ̀."

Ogójì la rí kó.
A kà á, a tún un kà. A gbé pákó sókè,
eku kan sá jáde. Eku ò lè gbé agbọ̀n méjìlá.
Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló burú jù.

Aago mẹ́ta òru ni mo rí ẹ̀ṣẹ̀ mi:
ibi méjì ni mo kọ iye sí.
Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ lápò;
ọ̀kan ti tún tirẹ̀ kọ, èkejì ń ka ti àná.
Kò parọ́ o. Ohun tí wọ́n sọ fún un kẹ́yìn ló ń sọ.

Gbànja, awẹ́ méjì ló ní,
obì kan náà ni.
Mo fa ìwé àpò méjèèjì ya.
Mo fi iye sí ojúkan ṣoṣo, nísàlẹ̀,
mo ní: fèrèsé tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá forúkọ sílẹ̀ níbí.
Ọjọ́ tí iye bá yí, iye fúnra rẹ̀ ni yóò ké sí i,
kí kálukú nu ojú rẹ̀, kó tún un kọ.

Kò kọ́kọ́ gbà. Fèrèsé gbọ́, ó ké padà sí iye,
iye rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, ó tún ké sí fèrèsé,
wọ́n ń kí ara wọn bí àna méjì
tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nílẹ̀,
títí ẹ̀rọ fi gbóná, tó dákú.
Mo wá fún wọn lófin kékeré kan:
bí ohun tí o gbọ́ bá jẹ́ ohun tí o ti mọ̀, panu mọ́.
Òfin yìí ìbá wúlò ládùúgbò wa.

Ní ìdájí, mo ta agbọ̀n irọ́ kan.
Ogójì di mọ́kàndínlógójì lójú méjèèjì
bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo dá agbọ̀n irọ́ padà.

Ọ̀gá wò ó, ó ní ó dáa.
Mo ní, "Ọmọ yẹn ò jalè. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."
Ó mi orí. Ó gbọ́.
Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń jáde lọ jẹun lọ́sàn-án,
kọ́kọ́rọ́ àpótí owó tó máa ń fi sọ́wọ́ Tẹ́júmádé,
àpò ṣòkòtò ló ń fi í sí.

Mo ti yẹ gbogbo kóòdù mi wò,
n ò rí ibi tí ojú yẹn ti forúkọ sílẹ̀.